Báàjì Tó Mu Ju Ẹni Tó Wọ̀ Ọ́ Lọ

"Ìyáàfin Bang, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yìí yẹ kó ti kú," ni Nam wí, kò tíì jókòó. "Àmọ́ kì í ṣe èyí tó wà ní ọsibítù o."

Bang, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin tí àwọn olè ìlú Busan ń pè ní Ojú Ẹja nítorí pé kì í tètè ṣẹ́jú, rọra gbé ife omi bálì rẹ̀ sílẹ̀.

"Jókòó ná. Òkú wo ló tún ń rìn nígboro?"

"Ìyá Geon-u. Báàjì rẹ̀ mu òórùn gọ́ọ̀mù tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ti Ìyá Cho-rong. Láàbù wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n. Ẹni tó bá fi imú fa ìyẹn, mà, kò ní lè rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Cho-rong ló dákú. Ìyá Geon-u ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹni tó mu ọtí ò yó, ẹni tó jókòó tì í ló ń ṣubú," ni Bang wí. Ó nawọ́ mú kóòtù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní àjà kẹta ilé iṣẹ́ bàtà kan ní àdúgbò Gaegeum, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹun ọ̀sán, Bong Sun-im, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Cho-rong, ṣubú nínú yàrá gọ́ọ̀mù, ó sì fi orí gbá ẹsẹ̀ tábìlì onírin. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Kò tíì lajú.

Ọjọ́ náà gan-an ni ọjọ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Nam, tó ń bá àjọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ilé iṣẹ́ ṣiṣẹ́, ti fi báàjì kékeré kan kọ́ ọrùn aṣọ obìnrin kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀. Báàjì náà kì í dún, kì í tàn. Ohunkóhun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ níwájú imú ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń mu, bí kànìnkànìn ṣe ń mu omi. Tó bá dé láàbù, wọ́n á mọ bí májèlé tí ẹni náà mí sínú ṣe pọ̀ tó.

Lókè ìjókòó obìnrin kọ̀ọ̀kan ni páìpù kan wà tó ń fa òórùn gọ́ọ̀mù àti tínà, omi tí wọ́n fi ń po gọ́ọ̀mù, jáde. Nígbà tí àwọn panápaná yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n bá àkísà búlúù kan tí wọ́n ki bọ ẹnu ọ̀kan pinpin. Kì í ṣe páìpù Sun-im o. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, Mo Ju-hui, Ìyá Geon-u. Àyè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Sun-im lọ jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo Gaegeum ń sọ: Ju-hui ni wọ́n fẹ́ pa, Sun-im ló fara gbá a. Ta ló wá fẹ́ pa Ju-hui?

*

Ní tẹ́ṣàn, ẹni tí wọ́n fẹ́ kí Bang lọ mú ni Gam, ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́. Ahun ni Gam. Nígbà òtútù, kì í tan ẹ̀rọ amúlé-móoru fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ju wákàtí díẹ̀ lọ. Nígbà tó rí Bang lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, òógùn bò ó.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ bá mi wò ó! Ọjọ́ tí wọ́n wá wọn afẹ́fẹ́ mi ni mo máa dí páìpù ara mi? Tí ìwọ̀n bá ga, èmi ni wọ́n máa bá wí. Ṣé orí mi ò pé ni?"

"Ó pé. Ohun tó yọ yín nìyẹn. Ahun ni yín, ẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tó ń retí àlejò kì í da ẹrẹ̀ sí pálọ̀ ara rẹ̀."

Gam ò mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ ni tàbí kó bínú. "Tí ẹ bá ń wá oníwàhálà, ẹ lọ bi ọkọ Ìyá Cho-rong. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè rí i tó ń yọ́ gun àtẹ̀gùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkùnrin yẹn lè jowú òkúta tí ìyàwó rẹ̀ bá jókòó lé."

*

Ok Chang-su, ọkọ Sun-im, ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kó bàtà lọ sí èbúté. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni Bang ti bá a, níbi tó káwọ́ lérí sí.

"Kí lẹ wá ṣe lókè lọ́sàn-án ọjọ́ náà?"

"Mo wá gbé páálí."

"Páálí wo? Ẹ̀ṣọ́ ní ọwọ́ òfo lẹ gùn ún, ọwọ́ òfo lẹ sọ̀ ọ́."

Etí Chang-su pọ́n wá.

"Nítorí ọmọkùnrin oníbáàjì yẹn ni."

"Nam?"

"Ẹ ò rí i láàárọ̀ yẹn! Mo gbé ìyàwó mi wá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọra ń kọ́ nǹkan mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní, 'Mà, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.' Gbé àgbọ̀n sókè! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, èmi ò sọ fún un rí pé kó gbé àgbọ̀n sókè. Ìyàwó mi wá rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín sí i, mà!"

"Ẹ wá lọ dí páìpù."

"Páìpù ẹlòmíràn kẹ̀? Tí mo bá fẹ́ pa ènìyàn lọ́jọ́ yẹn, Nam ni ǹ bá pa."

Bang gbà á gbọ́. Owú irú èyí máa ń pariwo ni, kì í gbé àkísà yọ́ rìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí bí Chang-su ṣe lè mọ̀ láàárọ̀ pé ìyàwó òun máa jókòó sí àyè ẹlòmíràn lọ́sàn-án.

"Kí lẹ rí lókè?"

"Òun nìkan. Ó jókòó sí àyè Ìyá Geon-u. Mo ní, 'Kí lò ń ṣe níbí tí gbogbo ayé ń jẹun?' Ó ní, 'Bàbá Cho-rong, ẹ̀yìn ń dun Ìyá Geon-u, iṣẹ́ rẹ̀ ti pẹ́yìn. Mo fẹ́ bá a dín in kù kó tó dé.' Inú mi dùn." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ẹ gbọ́ mi? Inú mi dùn pé kò sí Nam níbẹ̀. Òórùn náà ta mí lójú, mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo fi í sílẹ̀, mò ń súfèé lọ."

"Kí ló wà lórí tábìlì?"

"Ọpọ́n tínà ńlá kan. Ó kún, wọn ò sì dé e."

Bang fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì dìde. Ọpọ́n tó kún, tó ṣí sílẹ̀, lábẹ́ páìpù tí wọ́n dí, lásìkò tí ẹni tó ni tábìlì náà ti lọ jẹun.

*

Gam ti gbé Ju-hui kúrò nínú yàrá gọ́ọ̀mù, kí apààyàn náà má baà tún rí i. Yàrá tuntun kan tí wọ́n fi gíláàsì pín ló wà báyìí. Fèrèsé ńlá kan wà níbẹ̀. Téèyàn bá jókòó tì í, á máa rí òkun díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn ilé gíga. Abọ́ ọbẹ̀ ewéko òkun àti ọsàn erékùṣù Jeju kún orí tábìlì rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé wọn wá.

"Ẹ jẹ ọsàn, mà," ni Ju-hui wí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di títò. "Àyà wọn ń já nítorí mi."

"Tiyín ńkọ́?"

"Háà! Mi ò lè sùn mọ́."

Bang wo ojú rẹ̀. Ojú ẹni tó ń sùn dáadáa ni. Ó tún wo bí àga rẹ̀ ṣe wà. Ju-hui dojú kọ fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà pátápátá, kò sì bojú wẹ̀yìn nígbà tí Bang wọlé.

"Ta lẹ rò pé ó ń lépa yín?"

"Ìlara ni, mà. Ayé ò fẹ́ kéèyàn rí nǹkan."

"Kí lẹ ní tí wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe ìlara yín?"

Ju-hui bó ọsàn kan, kò jẹ ẹ́.

"Kò sí nǹkan tí mo ní. Ẹ̀gbọ́n Sun-im ló ní nǹkan. Ọjọ́ kan náà la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, orí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọmọ tiẹ̀ wọ yunifásítì ní Seoul. Tèmi ń fi alùpùpù gbé adìyẹ díndín kiri. Ọkọ tiẹ̀ ń jowú rẹ̀ títí ó fi ń tì í lójú. Tèmi, mi ò mọ ìlú tó wà. Tí a bá jọ lọ ra ẹja, òun lẹlẹ́ja máa ń fún ní èènì." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi ni o. Ẹ má ṣì mí gbọ́."

"Mi ò ṣì yín gbọ́. Báàjì yín ńkọ́? Ẹ bọ́ ọ rárá?"

"Rárá! Nam kìlọ̀ fún wa gan-an. Láti àárọ̀ títí tó fi gbà á, ọrùn mi ló wà. Mo lè fi Geon-u búra."

"Ẹ má tíì búra," ni Bang wí.

Bó ṣe ń jáde, ó fa Gam sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Yàrá yìí, ta lẹ kọ́ ọ fún?"

"Fún ṣíṣe àpẹẹrẹ bàtà tuntun. Ènìyàn kan ló máa wà níbẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ariwo. Àjọ ní ẹni tí báàjì rẹ̀ bá mu jù ni ká yọ kúrò nídìí gọ́ọ̀mù, mo sì ṣèlérí pé ibẹ̀ ló máa lọ. Lọ́dún tó kọjá, ti Ìyá Cho-rong ló ga jù. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó máa ń tẹ orí mọ́ iṣẹ́. Tí ti ọdún yìí bá tún ga, òun ló ni ìjókòó yẹn. Gbogbo wọn ló mọ̀."

*

Bang mú Nam lọ jẹ ìrẹsì àti omi ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ níwájú ibùdókọ̀. Ebi máa ń pa á tí ọ̀rọ̀ bá ń tò lórí rẹ̀.

"Ó dùn mọ́ni kí wọ́n máa wá ọ̀tá Ju-hui," ni Bang wí, ó ń da ata sínú abọ́. "Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń lé kì í kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin yẹn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Báwo ló ṣe mọ̀?"

Nam gbé ṣíbí rẹ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Gbàgbé páìpù," ni Bang ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ta ni ìwọ̀n tó ga máa ṣe láǹfààní?"

"Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kí wọ́n sọ pé májèlé pọ̀ lára òun, mà."

"Ó wà." Bang fi ọbẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tí ọkọ mi lọ fẹ́ ẹlòmíràn, obìnrin náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Gbogbo ẹbí ọkọ mi ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Ṣé o mọ̀ pé mo jowú àìsàn rẹ̀? Ara mi le koko, mò ń jowú ibà. Ẹni tí ìlara bá jẹ dénú egungun kì í ṣa ohun tó ń fẹ́. Tí wọ́n bá pín egbò, á ní wọn ò fún òun tó."

"Ẹ fẹ́ sọ pé Ìyá Geon-u ló dí páìpù ara rẹ̀?"

"Kí báàjì rẹ̀ lè mu yó. Àmọ́ imú tó wà lókè báàjì náà ń mu pẹ̀lú. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, orí rẹ̀ á ti máa yí. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó fẹ́ jáde lọ mí, kò sì fẹ́ kí báàjì náà sinmi. Ní tìrẹ, ibo ni báàjì gbọ́dọ̀ wà kó tó lè mu tó bẹ́ẹ̀?"

Nam ronú. "Òkè ọpọ́n tínà gan-an. Ká ní wọ́n fi kọ́ ẹnu páìpù tí wọ́n dí yẹn, lókè orí ẹni tó jókòó, kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Ó dáa. Nígbà tí o gbà á lọ́rùn rẹ̀, kí lo rí lẹ́yìn rẹ̀, níbi ìkọ́?"

"Kò sí nǹkan, mà. Òwú díẹ̀ tó há síbẹ̀. Òwú búlúù. Mo rò pé ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni."

"Àwọ̀ eérú ni aṣọ iṣẹ́ wọn, Nam."

Ṣíbí Nam bọ́ sínú ọbẹ̀. Àkísà búlúù ni àwọn panápaná yọ lẹ́nu páìpù. Òwú ló há sí báàjì náà, owú ló sì gbé e débẹ̀.

*

Oòrùn ọ̀sán kún yàrá tuntun náà nígbà tí Bang padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fa àga, ó jókòó sáàárín Ju-hui àti fèrèsé.

"Báàjì rẹ ti ti láàbù dé. Ó mu ìlọ́po mẹ́sàn-án ti Sun-im."

Ju-hui mí kanlẹ̀. Ó gbìyànjú kó fi ìdùnnú pamọ́, ṣùgbọ́n ó ti yọ lójú rẹ̀ kó tó rí i dì mú. "Ẹ wò ó! Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ibi tèmi ló burú jù. Wọn ò gbà mí gbọ́."

"O ní ọrùn rẹ ló wà látàárọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Imú rẹ ló mu ún nìyẹn. Ẹni tó bá sì mu ún tó yẹn, wọ́n á gbé e jáde ni. Ìwọ sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun, wọ́n ní o jẹ abọ́ méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n gbé jáde. Mo yẹ ìkọ́ báàjì rẹ wò. Òwú àkísà tó wà lẹ́nu páìpù ló há síbẹ̀. Ju-hui, báàjì rẹ ò sí lọ́rùn rẹ. Ẹnu páìpù lo fi kọ́, lókè ọpọ́n tínà, kó máa bá ọ mu."

Ju-hui nawọ́ mú ọsàn kan.

"Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. O ò mọ̀ pé ó máa wá bá ọ ṣiṣẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ mọ̀. Nígbà tí o padà wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ ti wà nílẹ̀. Nígbà tí àwọn tó kù sì fi máa gbọ́ igbe rẹ, tí Nam fi sáré dé, báàjì ti wà lọ́rùn rẹ. Kí lo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ ni tàbí báàjì?"

Ọsàn tó wà lọ́wọ́ Ju-hui bọ́, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

"Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀," ló wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kéré. "Mo ní kí n kọ́kọ́ mú un, kí n tó pariwo. Kò ní pẹ́. Ìkọ́ rẹ̀ há sára àkísà yẹn. Mò ń fà á, kò jáde. Mò ń fà á, ẹ̀gbọ́n mi ń mí bí ẹja lábẹ́ mi." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, lẹ́yìn náà ló ṣí i, ìbínú sì ti wà níbẹ̀ báyìí. "Májèlé kan náà la jọ ń mí! Bẹ́ǹṣì kan náà! Kí ló dé tó fi jẹ́ pé májèlé pàápàá, tiẹ̀ ni wọ́n máa kà sí? Òun ni wọ́n ń káàánú, òun ni wọ́n kọ́ fèrèsé fún. Èmi ńkọ́? Ṣé èmi ò mí ni?"

Bang dìde, ó sì ní kó mú kóòtù rẹ̀, òtútù wà níta.

*

Sun-im lajú lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Bang wọ yàrá ọsibítù náà, Chang-su ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi ojú burúkú wo dókítà ọkùnrin tó ń kọjá lọ.

Bang sọ gbogbo rẹ̀ fún Sun-im, kò dín kù. Ó rò pé obìnrin náà máa sunkún tàbí kó ṣépè.

"Ìjókòó yẹn," ni Sun-im wí. "Ó fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó fẹ́ ẹ."

"Ìyáàfin ọlọ́pàá, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi náà ń jowú rẹ̀?"

Chang-su gbé ṣíbí dúró. Sun-im yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń gbọ̀n rìrì, bí ewé tí ẹyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kúrò lórí rẹ̀.

"Gọ́ọ̀mù yẹn ti ba ìka mi jẹ́, ó ti pẹ́ tí mi ò ti mọ ohun tí mo bá dì mú mọ́. Gbígbóná ni, tútù ni, mi ò mọ̀. Mo fi pa mọ́ fún ọkọ mi, mo fi pa mọ́ fún ọ̀gá. Ju-hui lè mú abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sílẹ̀ láì wo ilẹ̀. Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọlọ́run mọ̀, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo kórìíra rẹ̀ nítorí ọwọ́ yẹn. Ẹ̀rí-ọkàn ń dà mí láàmú lọ́jọ́ náà. Ìdí tí mo fi lọ bá a ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Chang-su gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó mú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, ó dì wọ́n mú títí ìgbọ̀nrìrì náà fi di ti àwọn méjèèjì.

"Tí ẹ bá rí i," ni Sun-im wí fún Bang, "ẹ bá mi bi í. Ṣé ìjókòó yẹn nìkan ló fẹ́ ni, àbí ó fẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbà á?"